Kẹ́ Ẹ Tó Wo Ẹ́ńjìnì Ìjàpá, Ẹ Wo Abẹ́ Rẹ̀ Ná

Ẹ fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wé òòfà kékeré, irú èyí tí wọ́n ń yọ lẹ́yìn sípíkà rédíò tó ti kú. Ẹ gbé e lé ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn Volkswagen Ìjàpá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn, tó ń dán gbinrin, kẹ́ ẹ sì máa wọ́ ọ lọ díẹ̀díẹ̀ síhà táyà ẹ̀yìn. Níbi tí irin bá wà, á lẹ̀ mọ́ ọn. Níbi tí wọ́n bá ti fi pọ́tì dí ihò, á yọ̀ bọ́ sílẹ̀. Ìdájọ́ ọkọ̀ níbi ìdíje ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn o, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni ò tíì ṣí ibi tí ẹ́ńjìnì wà.

Ẹni tó bá fẹ́ sọ Ìjàpá di ọkọ̀ eléré, ọkọ̀ tó ń sáré tó sì fani mọ́ra, ẹ́ńjìnì ni owó rẹ̀ kọ́kọ́ máa ń lọ sí. Ọ̀dà ló kàn, lẹ́yìn ìyẹn ló kan rọ́ọ̀mù táyà. Àjẹkù ló ń kan bíréèkì àti fúlọ́ọ̀, ìyẹn pẹpẹ irin tó wà lábẹ́ ọkọ̀. Èmi ò fara mọ́ ọn rárá. Ohun tó ń pa irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ní Àgbádárìgì kì í ṣe ẹ́ńjìnì, afẹ́fẹ́ òkun ni. Iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ yẹn ń bà lé irin lójoojúmọ́, ìrì òwúrọ̀ á yọ́ ọ, á wá ṣàn wọ gbogbo kọ́lọ́fín tí ọwọ́ ò lè dé. Ọdún méjì péré, ọkọ̀ tí gbogbo ayé ń yà ní fọ́tò á ti máa jò láti abẹ́. Nítorí náà, fúlọ́ọ̀ ni ká kọ́kọ́ ṣe, ká ṣe bíréèkì àti ẹsẹ̀ ọkọ̀ (àwọn irin àti ṣọ́ọ̀kì tó gbé táyà dání) tẹ̀ lé e, kí ẹ́ńjìnì tó kàn. Bí a ṣe ń kọ́ ọ náà ló yẹ ká máa dá a lẹ́jọ́.

Ìjàpá ni mo dì mú torí pé ojú ọ̀nà Àgbádárìgì yìí gan-an ni wọ́n ti ń tò ó nígbà kan rí: ilé iṣẹ́ Volkswagen of Nigeria ní Ọ̀jọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó ní 1975. Ẹni tó bá ń rẹ́rìn-ín pé kí ni Ìjàpá ń wá láàárín ọkọ̀ eléré, kó rántí pé ọkọ̀ àkọ́kọ́ tó jẹ́ orúkọ Porsche, ìyẹn 356 ti 1948, ẹ̀yà ara Volkswagen ló kún inú rẹ̀. Karmann Ghia tí wọ́n ṣe láti 1955 dé 1974 náà, orí fúlọ́ọ̀ Volkswagen ló jókòó lé. Ghia rẹwà ju Ìjàpá lọ, n kò jiyàn. Àmọ́ mọ́dígáàdì Ghia, wẹ́dà ló jó o mọ́ bọ́dì, bí ìpẹtà bá jẹ ẹ́, iṣẹ́ ńlá ni. Ti Ìjàpá, bóòtù ló dè é. Ẹ tú u, ẹ gbé òmíràn sí i. Ẹni tó ń ṣe èyí fún ìgbà àkọ́kọ́, kó má lọ fi ara rẹ̀ sínú wàhálà Ghia.

Tẹ́ ẹ bá ń ra èyí tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe, ẹ gbé ìjókòó ẹ̀yìn sókè. Bátìrì wà níbẹ̀ lápá ọ̀tún, ásíìdì rẹ̀ sì máa ń jẹ fúlọ́ọ̀ abẹ́ rẹ̀. Ẹ fi súkúrúdúráífà gún un dáadáa, kì í ṣe bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn àna. Ibi kejì ni irin oníhò gígùn tó gba abẹ́ ilẹ̀kùn kọjá láti iwájú dé ẹ̀yìn. Wọ́n ṣe é kí ooru ẹ́ńjìnì lè gba inú rẹ̀ wọ inú ọkọ̀, àwọn ará Jámánì ló nílò ìyẹn, àwa kọ́. Ṣùgbọ́n irin yìí náà ló mú kí bọ́dì dúró ṣánṣán. Omi máa ń dá sínú rẹ̀, kò sì ríbi jáde. Ibi kẹta ni orí fúlọ́ọ̀ níwájú, níbi tí ẹsẹ̀ iwájú ti so mọ́ ọn. Bí ìpẹtà bá ti jẹ ibẹ̀, ẹ dín owó tẹ́ ẹ fẹ́ san kù gidigidi, tàbí kẹ́ ẹ máa lọ. Ẹ wo kòtò táyà àpamọ́ náà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì iwájú. Ọkọ̀ tó ti forí gbá nǹkan rí, níbẹ̀ ni àṣírí rẹ̀ ti máa ń tú.

Wọ́n ní ilé ahun ò gba ahun. Ilé Ìjàpá tiwa yìí ṣeé bọ́ lára rẹ̀: sípánà 13 àti 17 ló ń tú bọ́dì kúrò lórí fúlọ́ọ̀, èèyàn mẹ́fà sì lè gbé e sọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìyẹn ló ń tan àwọn èèyàn jẹ. Wọ́n á tú bóòtù tán, wọ́n á gbé bọ́dì nígbà tí irin abẹ́ ilẹ̀kùn ti jẹrà, bọ́dì á tẹ̀ láàárín bíi páálí tó ti rẹ sómi, ilẹ̀kùn ò sì ní pa dé mọ́ láéláé.

Ẹ má gbé e rárá kẹ́ ẹ tó ṣe irin abẹ́ ilẹ̀kùn. Ẹ kọ́kọ́ wọn àlàfo tó yí ilẹ̀kùn ká, lókè, láàárín, nísàlẹ̀, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sára ògiri tàbí sínú fóònù. Ẹ gé páìpù onígun mẹ́rin 25 mm, kẹ́ ẹ jó o láti òpó iwájú ilẹ̀kùn dé òpó ẹ̀yìn rẹ̀, kẹ́ ẹ sì jó òmíràn láti ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún dé ẹ̀gbẹ́ òsì. Ẹ wá gé irin tó ti jẹrà kúrò ní ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo, kí bọ́dì ṣì wà lórí fúlọ́ọ̀, kí bóòtù ṣì dè é. Ẹ to irin tuntun sí i, ẹ de bóòtù rẹ̀ mọ́ fúlọ́ọ̀, ẹ gbé ilẹ̀kùn sí i, ẹ tún wọn àlàfo. Bó bá bá ohun tẹ́ ẹ kọ mu, ẹ jó o. Bí kò bá bá a mu, ẹ má sọ pé ẹ máa tún un ṣe tó bá yá. Ẹ̀gbẹ́ kejì kò gbọdọ̀ fara kan ẹ̀rọ fáìlìn títí ẹ̀gbẹ́ àkọ́kọ́ á fi parí.

Irin 1.2 mm ló dára fún fúlọ́ọ̀, 0.8 sí 1 mm fún bọ́dì. Panẹ́ẹ̀lì bítà tó bá ní gáàsì kábáìdì nìkan lòun ní, iṣẹ́ rẹ̀ lè dára fún páìpù èéfín, àmọ́ irin tẹ́ẹ́rẹ́ bọ́dì á lọ́ lábẹ́ ooru yẹn. Ẹ̀rọ ìjórin tó ń lo gáàsì CO2 pẹ̀lú wáyà 0.6 tàbí 0.8 mm ni kẹ́ ẹ wá. Kí panẹ́ẹ̀lì bítà máa jó o ní ẹ̀kán ẹ̀kán, kí àlàfo ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 2 tàbí 3 wà láàárín, kó lọ sí òdì kejì, kó jẹ́ kí ti ibí tutù, kó tó padà wá dí àlàfo. Ẹni tó bá fa ìlà kan gbọọrọ lẹ́ẹ̀kan náà á rí i bí irin ṣe máa rú bí ìgbì.

Irin tó ti mọ́ kò gbọdọ̀ sùn mọ́jú ní Àgbádárìgì láìní ọ̀dà. Tẹ́ ẹ bá fáìlì í ní ìrọ̀lẹ́, tó bá fi máa di òwúrọ̀, á ti pọ́n. Ẹ fi omi àìníyọ̀ fọ ọ́, ẹ nù ún, ẹ jẹ́ kó gbẹ ṣáú nínú oòrùn, ẹ fi tíńnà nù ún, kẹ́ ẹ sì fún un ní pírámà epoxy, ìyẹn ọ̀dà ìsàlẹ̀, lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ kan náà. Ibi tí irin méjì ti gun ara wọn, ẹ fi pírámà onísíńkì sí àárín wọn kí wẹ́dà tó jó o. Ẹ fi síílà, ìyẹn lẹ́ẹ̀ tí kì í jẹ́ kómi wọlé, dí gbogbo ojú ìsopọ̀. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá parí, ẹ fín epo-ìda sínú irin abẹ́ ilẹ̀kùn láti ihò rẹ̀ títí táá fi máa ro jáde nísàlẹ̀. Tí kò bá ro jáde, kò tíì dé ibi tó ń lọ.

Ọ̀rọ̀ pọ́tì ni ìjà máa ń wà láàárín ẹni tó ni ọkọ̀ àti panẹ́ẹ̀lì bítà. "Ẹ má da ara yín láàmú, ọ̀gá, pọ́tì á bò ó." Ẹ dá a lóhùn pé, "Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ gé e kúrò." Pọ́tì ò burú. Ó ní iṣẹ́ tirẹ̀: 2 sí 3 mm, lórí epoxy tó ti gbẹ tẹ́ ẹ sì ti fi sáńdípépà ha lójú. Pọ́tì tó bá jókòó sórí irin òfìfo ń mu omi bíi kànìnkànìn, ìpẹtà á sì máa ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀ láìfọhùn títí ọ̀dà á fi wú bí èéwo. Kí òòfà àwọn adájọ́ tó dé, iyọ̀ òkun ti rí i.

Ẹ jẹ́ ká bọ́ sí ẹsẹ̀ ọkọ̀ àti bíréèkì, torí ibẹ̀ ni ẹ̀mí wà.

Ẹ ka bóòtù rọ́ọ̀mù. Tó bá jẹ́ 5, wọ́n tò sí òbìrí 205 mm. Tó bá jẹ́ 4, 130 mm ni. Ẹni tó bá fẹ́ rọ́ọ̀mù tí kò bá a mu, adàpútà, ìyẹn irin tí wọ́n ń fi sáàárín rọ́ọ̀mù àti dúrọ́ọ̀mù bíréèkì, ló máa ń lò, adàpútà sì ń ti táyà jáde, ó ń fi ẹrù kún bẹ́árìn. Èmi á fẹ́ràn kẹ́ ẹ wá dúrọ́ọ̀mù tó bá rọ́ọ̀mù mu.

Wọ́n sábà máa ń fẹ́ kí iwájú rẹ̀ relẹ̀, bí àwọn ará Kalifóníà ṣe ń ṣe é ní Amẹ́ríkà. Ó dára lójú. Iwájú Ìjàpá tó pọ̀ jù, àwọn irin pẹlẹbẹ inú òpó méjì ló ń gbé e ró, wọ́n sì ń gé òpó yẹn láti jó ohun tó ń yí i sókè sódò sí i. Pẹ̀lú irú kòtò tó wà lọ́nà wa, 5 cm ti tó. Ẹni tó bá rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ láìpààrọ̀ ṣọ́ọ̀kì sí kúkurú, ṣọ́ọ̀kì á máa fi orí gbá ìdí ara rẹ̀, á sì kú láàárín oṣù díẹ̀. Ohun kejì tí wọn kì í sọ: bí iwájú bá relẹ̀ ju ẹ̀yìn lọ, sítíárìn á fúyẹ́, ọkọ̀ á máa rìn gbéregbère bó bá dé 80 km/h. Irin pẹlẹbẹ tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n ń fi sẹ́yìn òpó ìsàlẹ̀, láàárín rẹ̀ àti fúlọ́ọ̀, kí ẹsẹ̀ lè tún tì síwájú díẹ̀. Owó rẹ̀ ò tó nǹkan. Ọkọ̀ tí kò ní i, ẹ ó mọ̀ ọ́n lójú ọ̀nà.

Ní ti ẹ̀yìn, ọ̀pá irin tó ń lọ́ bíi sípíríǹgì ló gbé e ró. Inú rẹ̀ ní eyín 40, ìta rẹ̀ ní 44. Eyín kan nínú jẹ́ ìyí (dígíríì) 9, eyín kan níta jẹ́ ìyí 8 lé díẹ̀. Nítorí náà, bẹ́ ẹ bá yí inú síwájú ní eyín kan, tẹ́ ẹ yí ìta padà ní eyín kan, kò tó ìyí kan ní kíkún tó máa yí. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é kí apá ọ̀tún àti òsì lè ga dọ́gba. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ibi tó wà tẹ́lẹ̀ kẹ́ ẹ tó tú u. Ṣọ́ọ̀kì ìkọ̀wé ni mò ń wí o. Irin pẹlẹbẹ tó gbé ọ̀pá yìí dání sì ti kó agbára sínú. Nígbà tó bá fò kúrò lórí ibi tó gbára lé, ó lè gé ìka. Ẹ fi ṣéènì dè é, ẹ fi jáàkì gbé e, kẹ́ ẹ sì jìnnà sí i.

Ẹ wo ọ̀pá tó ń gbé agbára lọ sí táyà ẹ̀yìn náà. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ jíà nìkan ló ti ní oríkèé, tí ọ̀pá náà wà nínú páìpù, táyà ẹ̀yìn á máa ká wọ abẹ́ nígbà tí ẹ̀yìn ọkọ̀ bá gbéra níbi kọ́nà. Ọkọ̀ ń ti ibẹ̀ ṣubú. Ẹ fi bẹ́líìtì irin tó ń dí i lọ́wọ́ sí abẹ́ jíà, tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi ẹ́ńjìnì ńlá sí i. Bó bá ní oríkèé méjì ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ ti bọ́ lọ́wọ́ ìyẹn.

Nọ́ọ̀tì ńlá 36 mm tó de dúrọ́ọ̀mù ẹ̀yìn, agbára tí wọ́n fi ń dè é jẹ́ 217 pound-foot, bíi 294 Nm. Sípánà tó ń ka irú agbára bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n lọ́wọ́ mẹ́káníìkì ẹ̀bá ọ̀nà. Ẹ ti páìpù bọ sípánà, ẹ wọn 43 cm láti àárín nọ́ọ̀tì, kí ẹni tó wúwo tó 70 kg dúró sí ibẹ̀ jẹ́jẹ́ nígbà tí páìpù dúró ní ìbú. Ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a mu gẹ́lẹ́. Kó má fò lórí ẹ̀. Bí ihò pín-ín-nì ò bá ṣe déédéé, ẹ tún un dè síwájú, ẹ má dá a padà sẹ́yìn láé. Nọ́ọ̀tì tó bá rọ̀ á jẹ́ kí eyín inú dúrọ́ọ̀mù máa jẹ, dúrọ́ọ̀mù á máa yí lófìfo, bíréèkì ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ọ̀hún á sì lọ.

Bíréèkì dúrọ́ọ̀mù mẹ́rin ló wà lára ọ̀pọ̀ Ìjàpá. Fún ẹ́ńjìnì tí wọ́n fún un láti ilé iṣẹ́, ó tó. Fún 1776, ìyẹn ẹ́ńjìnì ńlá tí mo máa sọ̀rọ̀ rẹ̀ láìpẹ́, ẹ wá dísìkì síwájú. Ẹ pààrọ̀ másítà, èyí tó ń ti omi bíréèkì lọ sí táyà, pẹ̀lú, torí másítà dúrọ́ọ̀mù ń fi titẹ̀ díẹ̀ pamọ́ sínú páìpù, ìyẹn á sì jẹ́ kí páàdì dísìkì máa ha nígbà gbogbo. Láàárín ọ̀pá pẹ́dà àti písítìn másítà, kí 1 mm ṣófo. Bí kò bá ṣófo, omi bíréèkì tó gbóná kò ní ráyè padà, bíréèkì á máa mú ara rẹ̀, ọkọ̀ á fẹsẹ̀ múlẹ̀ láàárín gọ́sílóò bí ẹni tó ń bínú. Tẹ́ ẹ bá ń lé afẹ́fẹ́ jáde, ẹ̀yìn ọ̀tún, ẹ̀yìn òsì, iwájú ọ̀tún, iwájú òsì. Lára dúrọ́ọ̀mù, ẹ yí ìràwọ̀ inú rẹ̀ títí táyà á fi le, kẹ́ ẹ dá a padà ní eyín 3 tàbí 4.

Ó wá kan ẹ́ńjìnì tí gbogbo wa ń retí.

1584 cc, ìyẹn 1600, ni ọ̀pọ̀ ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú: písítìn 85.5 mm, ìrìn 69 mm. Àwọn kan á fi písítìn 87 mm sí i torí pé kò nílò kí wọ́n gbẹ́ irin, á sì di 1641. Ẹ má ṣe é. Ògiri sílíńdà yẹn tẹ́ẹ́rẹ́ jù, ooru á lọ́ ọ, á bẹ̀rẹ̀ sí í mu ọ́ìlì. 90.5 mm tó ń di 1776 ló yẹ ọmọlúàbí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ máa gbé kéèsì àti orí sílíńdà lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ní ẹ̀rọ tó ń gbẹ́ irin. Ògiri rẹ̀ nípọn dáadáa.

Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀ fúnra yín. Sílíńdà kan nínú 1776 gba nǹkan bíi 444 cc. Fún epo tí a ń rà ní ilé epo wa, fífún 8 sí 1, ìyẹn bí písítìn ṣe ń fún afẹ́fẹ́ àti epo pọ̀ tó, ló máa jẹ́ kẹ́ ẹ sùn. Ẹ pín 444 sí 7 (8 dín 1), ó jẹ́ 63.4 cc, gbogbo àyè tó gbọ́dọ̀ kù lókè písítìn nìyẹn. Bí písítìn bá jókòó ní 1.5 mm sísàlẹ̀ ojú sílíńdà, àyè yẹn á gba bíi 9.6 cc, ó ku 53.8 cc fún inú orí sílíńdà. Ẹ ra abẹ́rẹ́ oníke 20 cc ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́mísìtì. Ẹ dojú orí sílíńdà kọ òkè, ẹ to fáàfù àti pílọ́ọ̀gì sí i, ẹ fi gíríísì díẹ̀ sí etí rẹ̀, ẹ fi ike dígí oníhò kékeré bò ó. Ẹ wá máa fi abẹ́rẹ́ bu kẹrosíìnì sínú ihò náà títí afẹ́fẹ́ á fi tán. Iye tó gbà ni iye tó wà. Bí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ò bá dọ́gba, kí ẹni tó gbẹ́ ẹ gbà á padà.

Ẹ́ńjìnì tó ti dúró nílẹ̀, kẹ́ ẹ tó san owó, ẹ di púlì ìsàlẹ̀ mú, ẹ tì í, ẹ fà á. Kíráńkì gbọ́dọ̀ mì díẹ̀ kínún, láàárín 0.07 sí 0.13 mm. Tí etí yín bá gbọ́ "kọ́-kọ́" ketekete, kéèsì ti jẹ, iṣẹ́ kéèsì sì ń ná owó.

Afẹ́fẹ́ ló ń tu ẹ́ńjìnì yìí, kò ní rédíétọ̀. Páànù tó yí i ká àti rọ́bà tó dí etí páànù kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Wọ́n wà níbẹ̀ kí atẹ́gùn gbígbóná tó jáde lábẹ́ má baà padà wọlé lókè. Àwọn tó fẹ́ kí ẹ́ńjìnì hàn ń yọ páànù, ẹ́ńjìnì á máa mí èémí ara rẹ̀. Èmi tí mo bá ń dá ọkọ̀ lẹ́jọ́, ojú ẹsẹ̀ ni máàkì ń lọ. Sílíńdà 3 ló ń jìyà jù nínú ẹ́ńjìnì àtijọ́, torí pé ohun tó ń tu ọ́ìlì dúró sí ojú ọ̀nà atẹ́gùn rẹ̀. Láti 1971 ni wọ́n ti gbé e bọ́ sí àpótí tirẹ̀. Ẹ wá irú páànù bẹ́ẹ̀.

Àyè fáàfù 0.15 mm, kí ẹ́ńjìnì tutù rekete, kẹ́ ẹ tó wọn ọ́n. Tí fáàfù kan bá ń dín àyè rẹ̀ kù ní gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá wò ó, tí àwọn yòókù dúró, ó ń nà ni. Orí rẹ̀ máa já bọ́ sórí písítìn láìpẹ́. Ẹ má tún un wọ̀n, ẹ yọ ọ́. Ọ́ìlì rẹ̀ ò ju lítà 2.5 lọ, nítorí náà ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀ ní gbogbo 5,000 km. Bí iná ṣe ń jó tẹ̀ léra nínú àwọn sílíńdà ni 1-4-3-2. Sílíńdà 1 wà lápá ọ̀tún níwájú, ẹ rántí pé iwájú ẹ́ńjìnì kọ ojú sí iwájú ọkọ̀, kì í ṣe sí ẹni tó bẹ̀rẹ̀ wò ó. Àìmọ èyí ti fi ẹni tó mọ̀wé joyè ọ̀lẹ.

Kabúrétọ̀ méjì ló ń bọ̀ pẹ̀lú 1776, Weber 40 IDF ni wọ́n sábà ń lò. Titẹ̀ epo tó fẹ́ kò ju 3 sí 3.5 psi lọ. Púm̀pù tó bá le jù bẹ́ẹ̀ á máa da epo kúnlẹ̀. Ẹni tó bá ń lo kabúrétọ̀ ẹyọ kan, kó fi ọwọ́ fa páìpù idẹ tí epo ń gbà wọlé. Ó máa ń tú wọ́ọ́rọ́wọ́, epo á dà sórí ìpínná (dísíríbútọ̀) tó ń ta iná, ọkọ̀ á jó. Rọ́bà epo tó ti là, ẹ má fi aṣọ dè é. Àti pé fílítà epo tí wọ́n gbé kọ́ sókè ìpínná, ìyẹn náà ti jó ọkọ̀ púpọ̀ kọjá.

Wáyà: ríléè fún iná iwájú, kí agbára má baà gba inú súwíìṣì àtijọ́ kọjá. Fíúùsì rẹ̀ 8 àti 16 ámúpù, kì í ṣe bébà sìgá. Bátìrì gbọ́dọ̀ ní ìdérí, torí sípíríǹgì ìjókòó ẹ̀yìn lè kan orí rẹ̀ bí ẹni tó sanra bá jókòó, tímùtímù á sì gbiná lábẹ́ rẹ̀.

Lórí ọ̀dà, n kò ní pẹ́. Ẹ má fín in lọ́jọ́ tí òjò ṣú tàbí tí ọyẹ́ ń fẹ́ eruku. Ẹ da omi sílẹ̀ ṣọ́ọ̀bù. Tí ẹ bá gbé ọ̀pá iná gígùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, tí òjìji rẹ̀ ṣe wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí omi ọ̀sà, irin abẹ́ rẹ̀ ni kò tẹ́jú, kì í ṣe ọ̀dà.

Nígbà tó bá di ìdájọ́, bí èmi ṣe máa pín 100 máàkì nìyí: abẹ́ àti bọ́dì 30, bíréèkì pẹ̀lú ẹsẹ̀ àti sítíárìn 25, ẹ́ńjìnì 20, wáyà àti ọ̀nà epo 10, ọ̀dà àti inú 10. Márùn-ún tó kù, mo fi pamọ́ fún ohun kan: ṣé àwọn àtúnṣe náà mọ ara wọn? Ẹni tó fi 1776 sí i, tó pààrọ̀ bíréèkì, tó fi bẹ́líìtì sábẹ́ jíà, tó rẹ ọkọ̀ sílẹ̀ níwọ̀nba, iṣẹ́ rẹ̀ fi ara mọ́ra. Ẹni tó fi 1776 sórí dúrọ́ọ̀mù tó ti jẹ, kódà bí ọ̀dà rẹ̀ tó dígí, ìbọn ló gbé fún ọmọdé.

Kí adájọ́ kọ̀ọ̀kan mú apá kan ṣoṣo, kó sì yẹ apá yẹn wò lára gbogbo ọkọ̀. Bí olúkúlùkù bá ń dá ọkọ̀ kan lẹ́jọ́ láti orí dé ẹsẹ̀, ojú kan náà kọ́ ni wọ́n máa fi wo gbogbo rẹ̀. Ọkọ̀ tí rọ́bà epo rẹ̀ ń jò tàbí tí bátìrì rẹ̀ kò ní ìdérí, ẹ má fún un ní máàkì kankan títí wọ́n á fi tún un ṣe. Àìní króòmù tàbí ìjókòó aláwọ kò gbọdọ̀ gba ju máàkì kan lọ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bí méjì bá gba iye kan náà, èyí tí abẹ́ rẹ̀ dára jù ló borí.

Kí ẹ́ńjìnì tutù kí wọ́n tó ṣíná sí i níwájú adájọ́. Ẹni tó ti gbóná ọkọ̀ rẹ̀ láti ilé, ó ń fi nǹkan pamọ́. Ẹ wà á tó kìlómítà 2, ẹ tẹ bíréèkì ní 60 km/h níbi tí ọ̀nà ti ṣófo, kẹ́ ẹ fọwọ́ lé sítíárìn jẹ́jẹ́, kó lè sọ tọkàn rẹ̀ bó bá fẹ́ fà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Tẹ́ ẹ bá dé, ẹ na àtẹ́lẹwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rọ́ọ̀mù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láìfọwọ́ kàn án. Èyí tó ń gbóná ju ìkejì rẹ̀ lọ, bíréèkì rẹ̀ ń ha.

Ẹ tẹ́ páálí funfun sábẹ́ ẹ́ńjìnì lójú ẹsẹ̀, kẹ́ ẹ lọ jẹun. Lẹ́yìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ fà á jáde. Ẹ̀kán tó bá wà lábẹ́ ibi tí ẹ́ńjìnì ti pàdé jíà, ẹ gbóòórùn rẹ̀. Bó bá ń rùn bí ọ́ìlì jíà, rọ́bà jíà níbi tó ti pàdé ẹ́ńjìnì ló ń jò. Bí kò bá rùn, síìlì kíráńkì lápá jíà ni, ẹ́ńjìnì gbọ́dọ̀ sọ̀kalẹ̀ kí wọ́n tó dé ibẹ̀. Èyí tó tò lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ lábẹ́ sílíńdà, páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ inú rẹ̀ ló ń jò. Ẹ yọ máàkì méjì, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sínú ìwé tí ẹni tó ni ọkọ̀ máa gbé lọ sílé.